Ògiri tó ń yọ ikùn

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ níyà? Òjò ni tiwa níbí. O bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń fi kámẹ́rà wá nídìí ògiri ológiri. Ó yá, gbọ́.

Lánlọ́ọ̀dù kan mọ ògiri mítà 5 láti fi dá ilẹ̀ òkè dúró lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ sí i. Bíríkìlà rẹ̀ ta okùn sí igun ògiri, ó ní kò sí wàhálà. Èmi dúró ní mítà 10, mo ya fọ́tò 140, mo ń sún díẹ̀díẹ̀ kí ohun tó wà nínú ọ̀kan lè wà nínú méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan lára ògiri wà.

Má fi mí rẹ́rìn-ín o: ara ògiri náà ni mo lẹ gbogbo àmì ìwọ̀n mi mọ́! Bí ògiri bá sún, àmì á bá a sún, ta ni yóò wá tú u fó? Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ kun àmì sára àpáta ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ (ìwọ náà mọ̀ pé àpáta ò wọ́n wa nílùú yìí), mo fi total station (ẹ̀rọ tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń mọ ibi tí nǹkan wà gan-an) wọ̀n wọ́n, mo tún gbogbo fọ́tò yà. Oṣù Kẹrin nìyẹn.

Mo tún yà á ní oṣù Kẹsàn-án, mo gbé méjèèjì léra. Igun tí bíríkìlà ta okùn sí ò kúrò lójú kan. Àárín ti yọ síta ní mìlímítà 23, bí ikùn aboyún oṣù márùn-ún. N ò sì gun àkàbà kankan. Ní 1858, Albrecht Meydenbauer ará Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ níbi tó ti ń wọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Wetzlar. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí fọ́tò máa bá òun gun òkè.

Ṣé o mọ ohun tó fà á? Nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri kó lè dùn ún wò, wọ́n fi síméńtì dí gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde. A fi irin gún ọ̀kan, omi pupa bí epo tú yàà sí mi lẹ́sẹ̀. Bàtà yẹn ti lọ nìyẹn.

Mo máa tún un yà nígbà ọyẹ́. Bó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, jọ̀ọ́, bá mi wá lẹ́ńsì mm 24 tí kì í sún, tòkúnbọ̀ náà dáa. Sẹ́lótéèpù ni mo fi so èyí tí mò ń lò kó má baà yí.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Kọ́lá