Lẹ́tà sí Àlàní: Jíà Orí Tábìlì

Ìlọrin,
Ọjọ́ Àìkú.

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Àsàláàmù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Ọ̀gá wa ní kí n kí ẹ. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kì í sábà wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí wọn nílé, ìwọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ìwọ ni mo sì lè sọ ọ́ fún, torí àwa méjèèjì la jọ ń fi gáàsì fọ eyín jíà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Hiace kan dé lóṣù tó kọjá, ti dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Ìlọrin sí Ọmù-Àrán. Ó ní bí òun bá ti ń gun òkè, jíà kejì á kàn yọ sí fíríì, tí kò ní sí jíà kankan nínú ọkọ̀, ọkọ̀ á sì fẹ́ máa fà sẹ́yìn tòun tèrò inú rẹ̀. A sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, a tú u, a pààrọ̀ síńkírò kejì, òrùka tó ń jẹ́ kí jíà wọlé wẹ́rẹ́, àti fọ́ọ̀kì tó ń tì í wọlé. Ọmọ iṣẹ́ mi ló tò ó padà. Mo wo ìta rẹ̀, mo rí i pé gbogbo nọ́ọ̀tì le, mo ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó parí. Dẹ́rẹ́bà ṣíná, ó ki í sí jíà kìíní, ó tú kíláàṣì sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún gbìyànjú, ó tún kú. Àlàní, jíà méjì ló wọlé pọ̀! Píìnì kékeré tó wà láàárín àwọn ọ̀pá fọ́ọ̀kì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá kejì mì bí èkíní bá ti wọlé, kò sí níbẹ̀. Inú abọ́ tí a fi fọ páátì la ti padà rí i. Odidi ọjọ́ kan sí i ni ọkùnrin yẹn kò fi ná ọ̀nà. N kò gba owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ oorun kò kùn mí.

Ìwọ náà rántí ohun tí ọ̀gá máa ń wí: kí jíà tó kúrò lórí tábìlì, ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ wà á. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ tipẹ́ nítorí ìkánjú. Mo ti padà sí i báyìí. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára ọ̀pá iwájú, tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, àti tẹ̀yìn, tó ń gbé e lọ sí táyà. Ní fíríì, bí ẹ̀yìn bá tiẹ̀ ń tẹ̀lé iwájú, ìka kan gbọ́dọ̀ lè dá a dúró. Mo wá ki í sí èkíní, mo ń kà: iwájú á yí bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ilà ẹ̀yìn tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Èkejì àti ẹ̀kẹta ń dín kù. Tó bá di ẹ̀kẹrin, ilà méjèèjì á jọ máa lọ bí ìbejì. Ní ìkarùn-ún, ẹ̀yìn á ṣáájú. Ní jíà rìfáàsì, ilà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yí sódì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, mo máa ń fi ọwọ́ ti àwọn ọ̀pá fọ́ọ̀kì yòókù. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó máa gbà. Mo tún ń tẹ́tí sí bọ́ọ̀lù tí sípíríǹgì ń tì: bó bá jókòó sínú ihò rẹ̀, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, "kà".

Láàárọ̀ àná, jíà kẹta kọ̀ láti wọlé, ọmọ iṣẹ́ mi sì gbé òòlù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi ọwọ́ òsì yí ọ̀pá iwájú díẹ̀ bí ọ̀tún ṣe ń tì í. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Eyín ló kọjú sí eyín, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. O ò bá rí ojú ọmọ yẹn! Bí tèmi náà ṣe rí lọ́jọ́ tí ọ̀gá fi hàn mí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tábìlì kò ní ẹrù lórí, kò lè fi gbogbo àrùn hàn. Nígbà tí a tún Hiace yẹn gbé jáde, mo jókòó síwájú, a kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, a ń bá ọ̀nà Ọmù-Àrán lọ. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti gòkè ni mo ti ń gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà. Èkejì kò yọ.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àlàfo tó wà láàárín síńkírò àti jíà ni mo ń wọ̀n kí n tó pa jíábọ́ọ̀sì dé. Bó bá ti dín sí 0.8 mm, mo ń yọ síńkírò yẹn dànù. Fíilà géèjì mi, àwọn ewé irin tí a fi ń wọn àlàfo, ti tẹ̀, ewé 0.8 gan-an ló sì ti kán. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, jọ̀wọ́, bá mi fi ọ̀kan rán an.

Èmi ni,
Àyìnlá.