Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa

Sí Olóòtú,

Búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà ní Camp, l'Abẹ́òkúta, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Oníbàárà mi kan, ọmọ ogún ọdún, ìgò méjì ló máa ń mu lójúmọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í wò ó rárá. Ọ̀kadà ló ń gbé lọ síbi tó lè fẹsẹ̀ rìn dé. (Èmi náà ni mò ń ta ẹlẹ́rìndòdò fún un, mi ò purọ́.)

Lóṣù tó kọjá, wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kó tó fẹnu kan nǹkan: 118 mg/dL. Ó ti ń sún mọ́ 126 tí wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Bàbá rẹ̀ sì ní in.

Ẹ bá wa sọ fáwọn aláṣẹ ilé ìwé kí wọ́n máa yẹ ṣúgà àwọn ọmọ wò lọ́dọọdún.

Ìyá Oníbúrẹ́dì,
Camp, Abẹ́òkúta