Ẹ jẹ́ kí awk ka fáìlì log lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Sí Olóòtú,

Àṣìṣe kan tí mo ń rí léraléra nínú shell script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) tí a fi ń yẹ fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) wò ló mú mi kọ̀wé. Àwọn tó ń kọ ọ́ á fi while read, àṣẹ tó ń mú ìlà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra, ka fáìlì náà, wọ́n á sì máa pe grep (tó ń wá ọ̀rọ̀) àti cut (tó ń gé apá kan ìlà jáde) lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, láìrántí pé gbogbo ìgbà tí a bá pe wọ́n ni kọ̀ǹpútà ń dá iṣẹ́ tuntun (process) sílẹ̀. Bí ìlà bá jẹ́ 1,000,000, iṣẹ́ tuntun á di 2,000,000. Awk, ètò tó ń yẹ ọ̀rọ̀ inú fáìlì wò ní ìlà-ìlà, tí wọ́n ṣe ní Bell Labs lọ́dún 1977, lè ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó yan ìlà tí a fẹ́, kí ó sì ṣírò iye ìgbà tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan wáyé, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi sort, àṣẹ tó ń to ìlà, tò ó. Ó máa ń dùn mí gan-an bí ẹnì kan bá ra kọ̀ǹpútà tó lágbára sí i nítorí ohun tí ìlà awk kan lè yanjú. LC_ALL=C náà, tó ń sọ pé kí a to ọ̀rọ̀ láìtẹ̀lé òfin èdè kan pàtó, sábà máa ń mú kí sort yára, ṣùgbọ́n ó lè yí bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ léra padà, nítorí náà ẹ yẹ èsì rẹ̀ wò dáadáa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín