Títú IC wò kì í ṣe olè jíjà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní olè ni àwọn tó ń tú IC kọ̀ǹpútà àtijọ́, ègé dúdú kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, láti wo inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títúnṣe ni mo fi ń jẹun l'Óṣogbo. Bóòdù inú ẹ̀rọ tí kò ní ìwé àlàyé ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Mítà la fi ń tọ ìlà rẹ̀ títí a ó fi mọ ibi tí iná ń gbà. Ta la jà lólè?

Lóòótọ́, àwọn olè wà. Nígbà tí Federico Faggin àti Masatoshi Shima ṣe Z80, IC tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà, ní iléeṣẹ́ Zilog, ní California, tó jáde lọ́dún 1976, Shima mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ da inú rẹ̀ kọ kí wọ́n sì máa tà á. Ló bá dẹ pàkúté 6 síbẹ̀. Tiransísítọ̀ ni, ìyẹn bí ilẹ̀kùn kékeré tí iná ń gbà: ó jọ èyí tó ń ṣí tó sì ń tì, ṣùgbọ́n ṣíṣí ló wà nígbà gbogbo, iná á sì máa kọjá. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ẹni tó bá dà á kọ bó ṣe rí, tirẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ó tọ́ sí i bẹ́ẹ̀!

Ti olùwádìí yàtọ̀. Wọ́n á fi ásíìdì jẹ ike dúdú ara IC kúrò, wọ́n á gbé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò wọ́n pọ̀, wọ́n á wá máa tọ ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni Ken Shirriff, ará Amẹ́ríkà, fi ṣàlàyé bí Z80 ṣe ń ṣírò. IC oníbíìtì 8 ni gbogbo wa ń pè é (bíìtì ni 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò), àmọ́ bíìtì 4 péré ni ibi ìṣirò rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan: ìdajì á kọ́kọ́ wọlé, ìdajì kejì á tẹ̀ lé e, ẹni tó ń kọ pùrógíráàmù kò sì ní fura. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà pàápàá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984, tó ń dáàbò bo ìtò inú IC fún ọdún 10, gbà kí èèyàn tú u láti fi kọ́ni tàbí láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ fọ́tò inú Z80 sójú ewé yín, kó fẹ̀ dáadáa, kí àwọn ọmọṣẹ́ wa lè fi ìka tọ ìlà rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Atúnrédíòṣe kan, Òṣogbo