Kó o tó lọ gun Kilimanjaro

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé ara le, ṣé òtútù London ò pọ̀ jù? Mo rí mẹ́sééjì ẹ pé ìwọ àtàwọn ará ibiṣẹ́ yín fẹ́ lọ gun Kilimanjaro ní Kenya. Inú mi dùn gan-an, àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, Tanzania ni òkè yẹn wà o. Fótò tó gbajúmọ̀ yẹn ló ń tan àwọn èèyàn, èyí tí erin ń rìn níwájú tí yìnyín sì wà lórí òkè lẹ́yìn, ọgbà ẹranko Amboseli ní Kenya ni wọ́n sábà máa ń dúró sí yà á torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, bọ́dà ò sì jìnnà. Nígbà tí mo wà ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ní Tanzania, àárọ̀ kùtù la máa ń rí òkè náà dáadáa, tó bá yá kùrukùru á bò ó.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Ọbabìnrin Victoria ló fi òkè náà ta ọba Jámánì lọ́rẹ lọ́jọ́ìbí ẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí bọ́dà fi ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní 1886 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pín ilẹ̀ onílẹ̀ láàárín ara wọn, òkè náà sì bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Ẹnikẹ́ni ò bi àwọn Chagga tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára òkè yẹn ní nǹkan kan, ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

O ní òkè ayọnáyèéfín tó ti kú ni. Rárá, mẹ́ta ló so pọ̀: Shira àti Mawenzi ló ti kú, Kibo tó ga jù, tó dé 5,895 mítà, ṣe ló ń sùn, gáàsì tó ń rùn bí imí ọjọ́ ṣì ń jáde nínú kòtò orí ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló yẹ kó o bẹ̀rù.

Àwọn tó ń sọ pé ìrìn lásán ni, wọn ò ní pé kẹ́ ẹ fi okùn gùn ún, àwọn gan-an ni kó o ṣọ́ra fún. Tẹ́ ẹ bá dé òkè téńté, atẹ́gùn tẹ́ ẹ máa rí mí ò ju bí ìdajì tìsàlẹ̀ lọ, orí á máa fọ́, èèyàn á máa bì, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró, ó ń pa èèyàn, kò sì mọ ọ̀dọ́ tàbí ẹni tó ń lọ jíìmù. Jọ̀ọ́, ẹ má torí owó mú ti ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ mú kára yín lè mọ́ ọn lára.

Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ? Òjò máa ń pọ̀ níbẹ̀ láti March dé May, ẹ má fi sígbà yẹn. Tètè fún mi lésì.

Èmi ni,
Fúnmi