Lẹ́tà láti Baltimore: Ẹni Tí Wọ́n Yàn Gbẹ̀yìn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tọ́jọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Òtútù ti kógbá sílé níbí, mo ti gbé kóòtù ńlá yẹn kọ́.

O bi mí pé irú bọ́ọ̀lù wo ni ti àwọn Amẹ́ríkà yìí, tí agbábọ́ọ̀lù kì í fi í yan ẹgbẹ́ tó wù ú. Ìbéèrè rẹ bọ́ sásìkò. Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe draft, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká jẹun ọ̀sán ní ìrọ̀rùn níbi iṣẹ́.

Ṣé o rántí bí a ṣe ń pín ara wa lórí pápá? Ọ̀gá méjì á dúró, wọ́n á máa mú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Draft náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ 32 ló ń mú, àwọn ọmọ tó ti yunifásítì wá ni wọ́n ń mú, ẹgbẹ́ tó sì ṣe dáadáa kéré jù lọ́dún tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́, àyàfi tó bá ti fi àyè rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ pátápátá tí wọ́n mú, Jay Berwanger, kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà jẹun lọ́jọ́ kan.

Ohun tó wá ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé, nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti mú ní ìpele kìíní, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí yíyàn bá yí gbogbo ẹgbẹ́ ká, ta ló dára jù? Bàbá kan láti New Jersey wà lọ́dọ̀ wa, alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ New York Giants pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n ní Lawrence Taylor ni, tí Giants mú ṣe ẹnì kejì lọ́dún 1981, ọ̀rọ̀ ti parí. New Orleans ló kọ́kọ́ mú lọ́dún yẹn, George Rogers ni wọ́n mú. Bàbá máa ń pe orúkọ Rogers bí ẹni tí ń ṣàánú òkú. Bẹ́ẹ̀ Rogers kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, òun ló gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù lọ́dún náà gan-an, yáàdì 1,674.

Iṣẹ́ Taylor ni kó ya lu quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ní 1985, òun ló já lu Joe Theismann, quarterback ẹgbẹ́ Washington, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́, tí ọkùnrin yẹn kò sì padà sórí pápá mọ́. Taylor fúnra rẹ̀ ló ń juwọ́ pé kí àwọn oníṣègùn sáré bọ̀. Irú eré rẹ̀ yìí ló jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ máa wá òmìrán kiri tí yóò ṣọ́ ẹ̀yìn quarterback, owó irú òmìrán bẹ́ẹ̀ sì gòkè. Kí iṣẹ́ ẹnì kan sọ owó iṣẹ́ ẹlòmíràn di ńlá! Mo gbà fún Bàbá débẹ̀.

Àní ọmọ wa kan ti wọ àárín àwọn òmìrán náà. Olumuyiwa Fashanu, New York Jets ló mú un ṣe ẹni kọkànlá lọ́dún 2024. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, mo fò dìde. Wọ́n pè é bíi pé ará Ítálì ni, ṣùgbọ́n ìpè kò ṣe nǹkan kan, Ifá kúkú ti ṣàánú.

Èmi ò sí lẹ́yìn Bàbá o. Baltimore ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ draft sì ti dun ìlú yìí rí. Ní 1983, Colts, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ibí nígbà náà, mú John Elway, quarterback kan, ṣe ẹni àkọ́kọ́. Elway ní òun ò wá, ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun máa gbá baseball. Wọ́n gbé e fún ẹgbẹ́ Denver. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí Colts fúnra rẹ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀ lóru, ó kó lọ sí ìlú Indianapolis. Onílé mi kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọdún 1996 ni wọ́n tó tún ní ẹgbẹ́, èyí tó kó wá láti Cleveland, tó wá ń jẹ́ Ravens. Ozzie Newsome ló ń ṣa èèyàn fún wọn. Ẹnì kẹrin kàn án, ẹni tó ni ẹgbẹ́ sì ń fẹ́ Lawrence Phillips tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Newsome ní rárá, ó mú Jonathan Ogden, òmìrán aṣọ́yìn. Nígbà tó tún kàn wọ́n, ní ipò 26, ó mú Ray Lewis, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dènà alátakò. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí ni Lewis wà fún ọdún 17. Ó gba Super Bowl, ife ìparí ìdíje wọn, lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún 2000, ayò 165 péré ni àwọn alátakò rí jẹ lọ́wọ́ wọn nínú ìdíje 16, ṣáájú kí wọ́n tó na Giants Bàbá 34 sí 7.

Èmi sọ pé Ray Lewis ni. Ẹni tó mú ẹni àkọ́kọ́ rí ohun tí gbogbo ayé rí, àmọ́ ẹni tó mú ẹnì kẹrìndínlọ́gbọ̀n ló lójú. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa jẹun ní irọ́ ni, pé ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ Ryan Leaf ju Peyton Manning, tí wọ́n mú ṣe ẹni àkọ́kọ́, lọ ní 1998, Manning di ìlú-mọ̀ọ́ká, Leaf kò rí nǹkan kan ṣe. Ó tún ní Ravens gan-an ti fo Lewis lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, torí òótọ́ ni. Ó wá dárúkọ quarterback Tom Brady, tí wọ́n mú ṣe ẹni 199. Mo ní ìpele kìíní la sọ, kó jókòó.

Ní 2018 tí Newsome ṣe é kẹ́yìn, Lamar Jackson, quarterback kan, ló mú ní ipò 32, ìdí ìpele kìíní gan-an. Àwọn kan ti ní kí Lamar fi jíju sílẹ̀, kó lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lẹ́ẹ̀mejì, 2019 àti 2023.

O lè máa rò pé kí ló ń dùn mí tó báyìí nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n yàn gbẹ̀yìn. Ta ló máa ń wà láàárín òkúta méjì tí a fi ṣe gólì? Ta ló sì ń yàn? Àkànní, ìwọ ni! Fèsì sí ìyẹn nínú lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀.

Mo ti fi jẹ́sì Ray Lewis ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ, nọ́mbà 52. Ó máa tóbi fún un, kó máa fi sùn ná.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní