A kì í fárí lẹ́yìn olórí: ẹ bi àwọn ará àdúgbò kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó débẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà ìròyìn.

Àwọn fótò tí ẹ máa ń gbé jáde ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, àwọn fótò ọmọ ilé ìwé girama tí wọ́n wọ irú aṣọ kan náà, tí wọ́n ń gbálẹ̀ tàbí tí wọ́n ń pín ìwé àti báàgì fún àwọn ọmọdé ní àdúgbò tí nǹkan ò ti ṣẹnuure. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i, torí tíṣà ni mí, mo wà lára àwọn tó ń kó ọmọ jáde fún irú iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ojú tó fi ń wo èèyàn á yàtọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo fẹ́ kí àwọn òbí, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi àti àwọn ọmọ fúnra wọn bá mi dá sí i: ta ló ń pinnu iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe?

Ilé ìwé ló ń pinnu, lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á ṣe mítìn, ẹnì kan á ní ká lọ kun ilé ìwé àdúgbò kan ní pẹ́ńtì, gbogbo wọn á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n á dáwó, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, ó parí. Kò sẹ́ni tó pe ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe? Ṣebí àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, orí olórí là ń fá yìí o.

Mo dé ilé ìwé kékeré kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ńlá ti wá ṣiṣẹ́. Ògiri kíláàsì ń dán, wọ́n ya labalábá sí i, wọ́n ya òdòdó, wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé wọn gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ omi ọlọ́wọ́ tó wà nínú ọgbà yẹn kò ṣiṣẹ́. Èèyàn á fa ọwọ́ ẹ̀ sókè sódò, á máa dún gbígbẹ, omi ò ní yọ. Ẹni tó bá mọ irú ẹ̀rọ yẹn á mọ̀ pé rọ́bà kékeré tó wà nínú ẹ̀ máa ń gbó, ó sì yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ látìgbàdégbà, kì í ṣe ohun tó le rárá tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe bá wà nítòsí. Àwọn ọmọ kéékèèké ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde lọ wá omi níta kí wọ́n tó wọ inú kíláàsì tó ní labalábá. Obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà sọ fún mi pé ká ní wọ́n bi òun ni, òun ì bá sọ fún wọn. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó tiẹ̀ ń yin àwọn ọmọ náà pé wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an, ìyẹn ló wá dùn mí jù, torí òótọ́ ni, wọ́n ṣiṣẹ́, òógùn wọ́n jáde, àmọ́ àwọn àgbà tó kó wọn wá ò ṣe ìwádìí tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹlòmíì á ní ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ọmọ ṣáà ti jáde lọ ṣe nǹkan. Ibẹ̀ náà ni àwọn ìjọba kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan ní 1992 pé kí ọmọ ilé ìwé ìjọba tó jáde girama, ó gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 75 ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ irú èyí, àwọn tó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ òfin yẹn sì ṣe tán ní 1997. Ontario ní Kánádà ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1999, wákàtí 40. Mi ò ta kò ó o, ọmọ tí kò ní ronú kan irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ láé, òfin lè gbé e débẹ̀, kó sì wá fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àmọ́ àwọn Maryland yẹn gan-an, kì í ṣe wákàtí nìkan ni wọ́n ń bi ọmọ, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ múra sílẹ̀, kó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lé lórí, lẹ́yìn tó bá sì ti ṣe é tán kó jókòó ro ohun tó rí. Tí ilé ìwé bá wá gé orí àti ìdí kúrò, tó ku àárín nìkan, ọmọ á kàn máa wo aago ni, á máa na fọ́ọ̀mù sí tíṣà pé ẹ bá mi sáìnì ẹ̀. Mo ti sáìnì irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó mọ orúkọ ẹnì kan péré nínú àwọn tó lọ ràn lọ́wọ́.

Èyí tó wù mí jù ni ibi tí wọ́n ti ń fi oṣù ka iṣẹ́ yìí. Ètò Duke of Edinburgh, tí wọ́n fi ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní àmì ẹ̀yẹ, tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 1956, ẹni tó fẹ́ gba àmì góòlù, tó ga jù, á fi oṣù 12 ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, díẹ̀ díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. International Baccalaureate náà, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé ìwé ń lò káàkiri ayé, apá iṣẹ́ àtinúdá, eré ìdárayá àti ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní CAS, kò ka wákàtí mọ́, oṣù 18 ó kéré tán ni wọ́n ní kí ọmọ máa fi ṣe é. Ní Íńdíà, NSS, ètò ìjọba tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 ṣì ń ka wákàtí ní tiẹ̀, 240 láàárín ọdún 2, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi kún un: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú abúlé tàbí àdúgbò kan, ibẹ̀ ni wọ́n á máa padà sí, wọ́n á tún lọ gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 7. Ohun tí wọ́n fi ṣe àkọlé iṣẹ́ wọn ni pé kì í ṣe èmi, ìwọ ni. Tí èèyàn bá ń padà síbì kan náà, dandan ni kó mọ̀ pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pípadà yìí ti wá le jù ni ilé àwọn ọmọ òrukàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé fẹ́ràn láti lọ, torí ó rọrùn, gbogbo àwọn ọmọ wà lójú kan. Wọ́n á gbé ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ra ní ọ̀sán kan, wọ́n á bá a ṣeré, ọmọ á dìrọ̀ mọ́ ọrùn wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì, ó dàbọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn mìíì á dé, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wo ohun tí ìyẹn ń kọ́ ọmọ kékeré nípa àwọn tó ń fẹ́ràn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ló sì ní òbí kan tó ṣì wà láyé, ìṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé pàápàá ti fẹnu kò ní 2019 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè wá nǹkan ṣe sí ìpalára tí irú iṣẹ́ ìyọ̀ǹda báyìí ń fà. Èrò tèmi ni pé kí àwọn ọmọ ilé ìwé lọ bá wọn fọ ilé ìdáná, kí wọ́n bá wọn to ìwé, kí wọ́n fi ìtọ́jú àwọn ọmọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń sùn níbẹ̀ tó ń jí níbẹ̀.

Kí ni ọmọ ilé ìwé wá lè ṣe tó máa wúlò? Ó pọ̀ o. Ìwé kíkà ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ọmọ girama kan, ọmọ kékeré kan, kí wọ́n má pààrọ̀ ara wọn, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan wò wọ́n. Àbúrò á máa fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, á dé ibi kan, á dúró, á gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n tó bá jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn á yára pè é fún un, ó sáà fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Èyí tó ti ń wá tipẹ́ á dákẹ́, ojú ẹ̀ á wà lára ìwé, àbúrò á tún wo ọ̀rọ̀ yẹn, á pín in sí méjì, á pè é. Kò sí bí mo ṣe lè fi ẹnu kọ́ ọmọ girama ní irú sùúrù yẹn nínú kíláàsì.

Àwọn àgbàlagbà náà wà tó jẹ́ pé lẹ́tà tó ti ọsibítù wá ni wọn ò lè kà, tàbí fọ́ọ̀mù kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò yé wọn. Ọmọ tó mọ fọ́nù lò lè bá ìyá àgbà jẹ́ kí lẹ́tà ojú fọ́nù tóbi sí i, kó bá a fi orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ síbi tó ti máa rí i kíá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bèèrè nọ́ńbà àṣírí báǹkì ẹ̀ láé, ẹ ti kọ́ wọn nílé kí wọ́n tó jáde.

Iṣẹ́ tó bá sì jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yẹn ṣe é, kí ẹ fi owó tí ẹ dá san án fún un, kí àwọn ọmọ máa bá a gbé irinṣẹ́, kí wọ́n máa wò. Tẹ́ ẹ bá kó ọmọ tí kò mọ ògiri mọ wá mọ ògiri lọ́fẹ̀ẹ́, ògiri á wọ́, bíríkílà tó wà níbẹ̀ náà ò ní ríṣẹ́. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989 ní abala 32 sì sọ pé a gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ tó lè pa á lára tàbí tó lè dí ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí iṣẹ́ àánú ni kó wá rán ọmọ gun òrùlé tàbí kó fọwọ́ lásán kó ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní àdúgbò yẹn náà! Àwọn ló mọ ilé tí ìyá arúgbó kan ń dá gbé, àwọn ló mọ ibi tí omi ti ń ya wọlé tí òjò bá rọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn ló máa ń tò sí ìlà láti gba báàgì, tí àwọn tó ti òkèèrè wá sì ń jẹ́ olùrànlọ́wọ́? Ẹ kó wọn mọ́ra láti ọjọ́ mítìn àkọ́kọ́, kí àwọn náà ní fọ́ọ̀mù tiwọn, kí wọ́n gba sàtífíkéètì tiwọn.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Tí ilé ìwé kan bá tún fi fótò ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n bóyá òbí àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú ẹ̀ fọwọ́ sí i, tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ẹ má gbé ojú wọn jáde. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà fọ́nù ẹnì kan tó ń gbé ní àdúgbò yẹn, kí akọ̀ròyìn yín pè é, kó bi í pé ta ló ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ yìí, kó kọ ohun tó bá sọ sínú ìròyìn náà. Lẹ́yìn oṣù 6, kó tún pè é, kó bèèrè bóyá ohun tí wọ́n ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́ àti bóyá àwọn ọmọ yẹn ti padà wá. Ojú ewé kan náà tí fótò wà ni kí ẹ gbé ìdáhùn ẹ̀ sí.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà girama kan